Orúnkún màmá mi: ọ̀nà wo ló dára jù láti là á?

Ọmọ_Tákíè · Ọjọ́rú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ màmá mi ló gbé mi wá. Ẹni ọdún 66 ni wọ́n, ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Ọjà Igbó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Orúnkún ọ̀tún wọn ti jẹ tán. Tí wọ́n bá ń dìde lórí àpótí, a máa ń gbọ́ ọ tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Abẹ́rẹ́, oògùn, àgbo, ìpara, kò sí èyí tí a ò tíì lò. Dókítà eegun wá ní ká pààrọ̀ oríkèé náà.

A ti gbà. Wàhálà tó kù ni ti bùrọ̀dá mi tó wà ní London. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbáko, pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n la màmá bíi ti àtijọ́, pé ọ̀nà tuntun wà tí wọn kì í gé ẹran, pé róbọ́ọ̀tì ló ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn báyìí. Mo sọ ọ́ fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ bá mi kí bùrọ̀dá yín." Ẹ̀rín yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ̀, ọ̀nà wo ló dára jù?

Ìyá_Ẹlẹ́kọ · 8:52 alẹ́

Ọlọ́run á wo màmá sàn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ná?

Nọ́ọ̀sì_Awẹ́ · 9:15 alẹ́

Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ jọ̀ọ́. Eegun tó ṣẹ́ ni wọ́n ń tò. Ti màmá yìí ò ṣẹ́, ó jẹ ni. Ẹ rántí ohun dídán tí ẹ máa ń rí ní orí eegun ẹsẹ̀ ewúrẹ́, tó funfun báláú? Òun ló tán lára tiwọn, eegun wá ń lọ eegun. Kí ni wọ́n fẹ́ tò níbẹ̀?

Ọmọ_Tákíè, mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni mo fi dúró ti àwọn dókítà ní tíátà. Orúkọ yẹn, "pípààrọ̀ oríkèé", ń dẹ́rù ba èèyàn ju iṣẹ́ náà lọ. Wọn kì í gé orúnkún dànù. Orí eegun itan àti orí eegun ojúgun ni wọ́n máa fá díẹ̀, bí káfíńtà ṣe ń fá orí pákó. Wọ́n á fi irin dé ti òkè, wọ́n á fi irin tẹ́ ti ìsàlẹ̀, wọ́n á wá fi ike líle sáàárín méjèèjì kí irin má baà máa lọ irin. Sìmẹ́ńtì eegun ni wọ́n sábà fi ń lẹ̀ ẹ́.

Ohun tí bùrọ̀dá yín ń sọ ni ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní medial parapatellar: wọ́n á la awọ níwájú, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ inú eegun kékeré tó wà lójú orúnkún, wọ́n á sì la ẹran iwájú itan díẹ̀ lókè ibẹ̀. Èyí tí wọ́n ní kì í gé ẹran, subvastus, abẹ́ ẹran yẹn ló ń gbà, á gbé e sókè dípò kó là á. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ há níbẹ̀ o. Tí ẹsẹ̀ bá sanra, tàbí tí orúnkún bá ti le gbagidi, mo ti rí dókítà tó làágùn títí tí a fi ń bá a nu ojú.

Físíò_Sábó · 10:03 alẹ́

Ẹ kú àlàyé, Màmá Nọ́ọ̀sì.

Wọ́n ti fi ọ̀nà méjèèjì wéra lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn ò ní jẹ́ kí dókítà tàbí aláìsàn yan èyí tó wù ú, kèké ni wọ́n máa ṣẹ́, kí gbogbo alágbára má baà kó sí apá kan kí àwọn tó ti rẹ̀ kó sí apá kejì. Ẹni tó ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń ká náà kì í mọ ẹni tí wọ́n là báyìí àti ẹni tí wọ́n là bọ́ọ̀hún. Èsì wọn ò jìnnà síra: àwọn tí wọ́n gba abẹ́ ẹran fún lè fi ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú nínú gbígbé ẹsẹ̀ sókè gbọnrangandan. Bó bá di oṣù mélòó kan, tí o bá to gbogbo wọn sí orí ìlà kan, o ò lè tọ́ka ẹni tí wọ́n là lọ́nà tuntun.

Nǹkan méjì wà tí mo kà sí ju ojú ọgbẹ́ lọ. Ìkíní ni rọ́bà tí wọ́n máa ń fún mọ́ itan kí ẹ̀jẹ̀ má baà bo ojú iṣẹ́. Àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí jọ lórí rẹ̀ ní 2020, wọ́n rí i pé ó jọ pé ó ń fi kún ìrora àti ewu ńlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Dókítà púpọ̀ ṣì ń lò ó, wọ́n ní ìdí tiwọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni. Èkejì ni tranexamic acid, oògùn tí kò wọ́n, tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dáwọ́ dúró. Obìnrin ará Japan kan, Utako Okamoto, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ló ṣàwárí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1962. Ó ti gba ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́wọ́ gbígba ẹ̀jẹ̀. Níbi tí ẹbí ti ń sá kiri wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ lè fojú inú wo ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ọmọ_Owódé_Ọ̀yọ́ · 10:41 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi tí irin wà lára mi náà dá sí i.

Ìgbáròkó òsì ni tèmi, mo jẹ́ ọmọ ọdún 31 nígbà náà. SS ni mí, àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú ara àwa, ẹ̀jẹ̀ lè ṣàìdé orí eegun itan, eegun náà á kú síbẹ̀. Orí tó yẹ kó rí rìbìtì bí ọsàn, nígbà tí wọ́n fi ẹ́síréè tèmi hàn mí, ó ti tẹ́ bí ọsàn tí mọ́tò gùn.

Ti àwa yàtọ̀ sí ti arúgbó. Ihò inú eegun itan wa lè dí, kó le bí òkúta, tí dókítà bá ń fi ipá lu irin wọ ibẹ̀, eegun lè là. Dókítà tó ṣe tèmi fi wáyà tín-ín-rín wá ọ̀nà ná, ó ń wo ẹ́síréè lórí bẹ́ẹ̀dì, kó tó máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sì fún mi lẹ́jẹ̀ kí wọ́n tó là mí. Mo lọ kà nípa ìyẹn lẹ́yìn náà. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní TAPS, ó jáde ní 2013: nínú àwọn oníSS tí wọn ò fún lẹ́jẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ìdá 39 nínú 100 ló kó sí ìṣòro, nínú àwọn tí wọ́n fún, ìdá 15.

Ẹ̀yìn ìdí ni wọ́n gbà wọlé sí tèmi. Wọ́n kìlọ̀ fún mi: má jókòó sí ibi tó relẹ̀, má lóṣòó, má tẹ̀ kọjá ìbàdí. Mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ebi ń pa mí, mo yà sí bùkà kan, àmàlà ń gbóná, àpótí kúkurú kan ló ṣẹ́ kù. Mo jókòó. Mo tẹ̀ síwájú kí n fọwọ́, mo gbọ́ "gbàgà". Ìgbáròkó ti yẹ̀.

Wọ́n fi oògùn mú mi sùn, wọ́n fà á padà sí àyè rẹ̀, wọn ò tún mi là. Dókítà ò bú mi. Ìyá alámàlà ló bú mi, ó ní mo fẹ́ sọ òun di ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ń ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀.

Under-G_Med · 10:58 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ sir 😂 Ká ní iwájú ni wọ́n gbà wọlé, kò ní yẹ̀. Direct anterior ni ọ̀nà tuntun báyìí, àárín ẹran méjì ló ń gbà. Fi róbọ́ọ̀tì kún un, ẹjọ́ ti parí.

Nọ́ọ̀sì_Awẹ́ · 11:06 alẹ́

Ọmọ mi, tuntun wo? Ní Paris, àwọn dókítà Judet ti ń gba iwájú wọ ìgbáròkó láti 1947. A ò tíì bí bàbá rẹ.

Físíò_Sábó · 11:30 alẹ́

Màmá ti pa ẹjọ́ yẹn 😄 Ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí ó dà bíi pé Med parọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ló gbajúmọ̀ fún ìgbáròkó. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn máa gé àwọn okùn kéékèèké tó ń yí itan síta. Ibẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìgbáròkó yẹ̀ sẹ́yìn tí èèyàn bá lóṣòó, pàápàá tí orúnkún bá yí sínú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń rán àwọn okùn yẹn padà dáadáa, yíyẹ̀ ti dín kù gan-an. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́, bí dókítà Hardinge ṣe kọ ọ́ ní 1982, ń la ẹran tó ń gbé ìbàdí dúró. Kì í yẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn lè máa tiro fún ìgbà pípẹ́. Ti iwájú ń jẹ́ kí èèyàn tètè fi ọ̀pá sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, òótọ́ ni. Awọ ẹ̀gbẹ́ itan lè kú tipiri nítorí iṣan ìmọ̀lára tó ń kọjá níbẹ̀. Òun náà sì lè yẹ̀: iwájú ló ń yẹ̀ sí, nígbà tí ẹsẹ̀ bá nà sẹ́yìn tó sì yí síta. Lẹ́yìn ọdún kan, ìyàtọ̀ tó kù láàárín wọn ò tó ohun tí à ń jà sí.

Èyí tí wọn kì í sọ lórí YouTube: dókítà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ti iwájú, kó tó ṣe bí 50 sí 100, eegun itan máa ń ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ta ló fẹ́ wà nínú 50 yẹn?

Ní ti róbọ́ọ̀tì, ó ń jẹ́ kí wọ́n gé eegun sí ibi tí wọ́n ṣètò gan-an, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá bi aláìsàn léèrè lẹ́yìn ọdún kan, pé báwo ni ìrora, báwo ni ìrìn, ìdáhùn tàwọn tí róbọ́ọ̀tì bá ṣiṣẹ́ àti tàwọn tí ọwọ́ lásán ṣe máa ń sún mọ́ra. Àwọn kan ṣì ń jà lórí bóyá kí wọ́n to ẹsẹ̀ gún régé fún gbogbo èèyàn, tàbí kí wọ́n dá a padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá ti oníkálukú. Ìjà yẹn gan-an ni mo kà sí ju róbọ́ọ̀tì lọ: ẹ̀rọ á gé ibi tí o bá ní kó gé, kò ní sọ ibi tó yẹ fún ọ.

Baba_Àkẹ̀sán · Ọjọ́bọ̀, 6:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni ọdún 71 ni mí, ìgbáròkó ń dùn mí, n ò sì tíì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kàn mí. Tí mo bá fẹ́ ra táyà, mo máa ń béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó. Èyí ńkọ́? Ìgbà wo sì ni wọ́n ti ń ṣe é?

Under-G_Med · 7:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Kí n fi èyí tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ àná.

Ní 1890, Themistocles Gluck ní Berlin fi eyín erin ṣe orúnkún fún aláìsàn tí àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ba oríkèé rẹ̀ jẹ́. Ìmọ̀ náà dára, àkóràn ló bà á jẹ́. Ẹni tó jẹ́ kó di ohun tí à ń ṣe lónìí ni John Charnley, ní ilé ìwòsàn Wrightington ní England. Ìgbáròkó ni tiẹ̀: ó fi irin kékeré ṣe orí eegun itan, bíi mìlímítà 22, kí ó má baà máa ha ihò tó ń yí sí púpọ̀. Teflon ló kọ́kọ́ fi ṣe ihò náà, ohun tí wọ́n fi ń bo inú páànù tí ẹyin kì í fi í lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti ń jẹ, èérún rẹ̀ sì ń ba ẹran ara jẹ́. Charnley mú èérún yẹn, ó fi í sínú itan ara rẹ̀, kó lè mọ ohun tó ń ṣe fún aláìsàn. Ní 1962 ló bọ́ sí polyethylene, irú ike tí wọ́n ṣì ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òde òní ti le ju tiẹ̀ lọ.

Ní ti pé yóò pẹ́ tó: ìwádìí kan jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, ní 2019, wọ́n ka àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè, bíi ti Australia àti Finland. Lẹ́yìn ọdún 25, ìgbáròkó 58 nínú 100 ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ti odidi orúnkún, 82. Ti ààbọ̀ orúnkún, níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ apá kan oríkèé nìkan, 70.

Baba_Àkẹ̀sán · 7:31 àárọ̀

71 + 25. Ó tó mi.

Nọ́ọ̀sì_Awẹ́ · 8:02 àárọ̀

Bàbá, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìwé àkọsílẹ̀ tí Med dárúkọ yẹn, òun ni olùkọ́ gbogbo wa. Sweden ti bẹ̀rẹ̀ ti orúnkún láti 1975. Gbogbo irin tí wọ́n bá fi sí ara èèyàn, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀, ọdún tí wọ́n fi í sí, àti ọdún tí wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ irin gbé ìgbáròkó irin-sí-irin dé, tí kò ní ike láàárín, gbogbo ayé pariwo pé kò ní jẹ láé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló tú wọn fó. Ilé-iṣẹ́ DePuy kó irú tiẹ̀ tó ń jẹ́ ASR kúrò lọ́jà ní 2010.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé lára páálí irin náà, sítíkà kékeré máa ń wà, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ọmọ_Tákíè, ẹ gbà á. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kan, ẹ fi pamọ́ pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ike inú rẹ̀ ní ọdún 15 sí i, ẹni tó máa ṣe é máa wúre fún yín.

Ọmọ_Tákíè · 1:15 ọ̀sán

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka èyí tó ṣe é kà fún màmá. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní, "Ìyẹn dáa. Ṣé n ó lè kúnlẹ̀?" Mo ní kúnlẹ̀ báwo? Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn obìnrin ṣì wà láyé ní Ìjẹ̀rù, àwọn ò lè máa nàró kí i bí ọlọ́pàá. Àdúrà àárọ̀ àwọn náà, ìkúnlẹ̀ ni. Tí kò bá ní ṣe é ṣe, kí wọ́n fi orúnkún àwọn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Físíò_Sábó · 2:40 ọ̀sán

Ìbéèrè tó dáa jù nínú gbogbo èyí tí a ti bi láti àná nìyẹn.

Irin náà kò ní kí èèyàn má kúnlẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn ló lè ṣe é, tí wọn ò sì dán an wò: ẹ̀rù ń bà wọ́n, awọ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ sì ti kú tipiri, ó máa ń ṣe wọ́n bákan. Ní 2008, wọ́n ṣẹ́ kèké fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ààbọ̀ orúnkún fún ní England. Apá kan, físíò kọ́ wọn ní ìkúnlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Apá kejì, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn tí wọ́n kọ́ ló ń kúnlẹ̀ jù. Ààbọ̀ orúnkún nìyẹn o, ti odidi lè ṣòro jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ni. Orí tìmùtìmù la máa ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ọwọ́ lórí nǹkan.

Nǹkan kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn iṣẹ́ abẹ yìí káàkiri ayé, Oxford, ìbéèrè 12 ló wà nínú rẹ̀, máàkì 48. Ti orúnkún béèrè ìkúnlẹ̀, ó káre. Ti ìgbáròkó béèrè bóyá o lè wọ ìbọ̀sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀! Ta ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ Ọjà Jagun? Kò béèrè àpótí, kò béèrè ṣálángá, kò béèrè ìdọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ìwádìí bá wá sọ pé ọ̀nà ẹ̀yìn àti ọ̀nà iwájú ò yàtọ̀ lẹ́yìn ọdún kan, orí àga ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi sọ ọ́. Èmi ò ní kí ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Mo ní kí ẹ bi dókítà yín ní ti àpótí.

Ọmọ_Owódé_Ọ̀yọ́ · 3:05 ọ̀sán

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu físíò! Orí àga ni mo ti ń kírun báyìí, ìmáàmù ò bínú. Ó ku kí ìyá alámàlà náà ra àga.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ · 3:20 ọ̀sán

Ṣé tí èèyàn ò bá fẹ́ kí wọ́n la òun rárá ńkọ́?

Físíò_Sábó · 3:44 ọ̀sán

Mà, wọ́n wádìí ìyẹn náà ní Denmark, ó jáde ní 2015. Aláìsàn 100 tí orúnkún wọn ti tó pààrọ̀. Wọ́n pààrọ̀ ti 50, wọ́n sì tún fún wọn ní eré ìdárayá. Wọ́n fún 50 tó kù ní eré ìdárayá, ìmọ̀ràn lórí sísanra, ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà àti oògùn ìrora nìkan. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí wọ́n là gbádùn ju àwọn tó kù lọ, ìlọ́po méjì. Wọ́n sì rí ìṣòro ńlá jù wọ́n lọ. Àwọn tí wọn ò là náà gbádùn díẹ̀, 13 péré nínú wọn ló padà wá ní kí wọ́n la àwọn. Ìwádìí tí àwa físíò fẹ́ràn jù nìyẹn, nítorí náà ẹ má kàn gbé ọ̀rọ̀ mi mì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Tí màmá bá ṣì lè rìn dé ọjà, wọ́n lè ṣe eré ìdárayá oṣù mẹ́ta ná. Kò ní ṣòfò: ẹsẹ̀ tó bá lágbára kí wọ́n tó là á ló máa ń tètè dìde.

Nọ́ọ̀sì_Awẹ́ · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Tí ẹ bá padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ gbàgbé róbọ́ọ̀tì. Ẹ bi í pé mélòó irú rẹ̀ ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ọdún tó kọjá, mélòó ló kó àkóràn, mélòó ló padà wá. Dókítà gidi kì í bínú sí i. Ẹ wo ara màmá fúnra yín, eyín tó ti jẹ, egbò ẹsẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà: gbogbo wọn ni kí ẹ tọ́jú ná, torí kòkòrò tó bá dé orí irin kì í fẹ́ kúrò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà kan, ẹ má fi agídí mú un gba ọ̀nà mìíràn nítorí ohùn WhatsApp.

Ọmọ_Tákíè · Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi. A padà lọ. Mo bi dókítà ní gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó tì wá. Ọ̀nà tó mọ̀ ló máa gbà, èyí tó la ẹran iwájú itan. Ó sọ iye tó ti ṣe, ó sọ ti ẹnì kan tó kó àkóràn àti bó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó rí i tọ́jú. Tranexamic acid wà nínú ètò rẹ̀. Ní ti rọ́bà itan, ó ní òun á fún un ní ìgbà tí òun bá fẹ́ fi sìmẹ́ńtì lẹ irin nìkan. Ó ní kí màmá lọ yọ eyín kan ná.

Bùrọ̀dá ti fi ohùn mìíràn ránṣẹ́. N ò tíì gbọ́ ọ.

Màmá ti gba oṣù méjì eré ìdárayá lọ́wọ́ físíò kan ní ìlú yìí. Wọ́n sì ti pe káfíńtà pé kó gbẹ́ àpótí gíga fún ìsọ̀ wọn, kí àwọn má tún jókòó nílẹ̀ mọ́. Káfíńtà ní òun ò gbẹ́ irú rẹ̀ rí, pé báwo ni kó ṣe ga tó?

Nọ́ọ̀sì_Awẹ́

Kí màmá wọ bàtà ọjà wọn, kí wọ́n dúró. Kó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, kó wá fi ìbú ìka mẹ́rin lé e. Ẹ ní kó ṣe apá ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ dìde.